Bí a ṣe ń yan dúrọ́ọ̀mù bíréèkì fún ọkọ̀ àtijọ́: páànù, káàsì àbí alumíníọ̀mù

Tí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, eré tí ọkọ̀ ń sá di ooru lára dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agbada irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ wò lára ohun tí wọ́n fi ṣe é: ojú inú tí ṣúù (apá bíréèkì tó ń tì í láti inú láti dá a dúró) ń fara gbá, àti ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde. Ìwúwo àti ẹwà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi òòfà kan ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni. Ẹ wá fi òòfà kan inú rẹ̀ níbi tí ṣúù ń gbá. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, torí irin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ẹ̀yìn náà bá fa òòfà, ẹ fi fáìlì ha etí rẹ̀ díẹ̀. Káàsì, ìyẹn irin tí wọ́n dà, á já bí ìyẹ̀fun dúdú, irin páànù á sì já ní fọ́nrán tó ń dán. Ẹ tún wo etí inú dáadáa: láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n ṣe àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Centrifuse, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin páànù, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ káàsì. Bíi káàsì ni kí ẹ ṣe sí i, ṣùgbọ́n káàsì inú rẹ̀ kò nípọn, ẹ má gbẹ́ ẹ jù (gbígbẹ́ ni kí ẹ̀rọ fá ojú inú rẹ̀ kó lè tẹ́jú).

Ford Model A, ti 1928 sí 1931, ni àpẹẹrẹ páànù tó hàn jù. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 11, irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tinrin: tí ṣúù bá tì í, ó ń fẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wọlẹ̀, ó sì tètè ń gbóná. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò wúlò, torí ńṣe ló tún ń tinrin sí i. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí káàsì tuntun. Wọ́n ṣì ń ṣe é fún ọkọ̀ yìí. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ ni yíyọ bóòtì tó di dúrọ́ọ̀mù mọ́ họ́ọ̀bù, àárín tí táyà ń yí lé: wọ́n ti lu orí bóòtì náà gbòòrò mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ fi irinṣẹ́ tó wà fún un gé ibi tó gbòòrò yẹn kúrò kí ẹ tó ti bóòtì jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ihò họ́ọ̀bù á fẹ̀, bóòtì tuntun kò sì ní dì í mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de káàsì mọ́ họ́ọ̀bù tán ni kí wọ́n tó gbẹ́ inú rẹ̀ lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a, kó lè yí ká déédéé.

Káàsì ni mo máa gba ọ̀pọ̀ ènìyàn nímọ̀ràn láti lò. Graphite (èédú yíyọ̀) tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúù ha á, ó sì ń dín ariwo kù. Òun ló wà lára Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n tò pọ̀ l'Ékòó láti 1975. Ẹ wọn ìfẹ̀ inú rẹ̀ níbi mẹ́rin yíká, ní ẹ̀bá etí àti ní ìsàlẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá kọjá 0.15 mm, ó ti di olóbìírí tí kò yí déédéé, ẹsẹ̀ bíréèkì á sì máa jó. Tí etí bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ṣúù kò ní kàn án tán. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni òpin ìfẹ̀ tí ẹ lè gbẹ́ ẹ dé. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ kọjá 0.060 ínṣì lórí ìfẹ̀ tó wá pẹ̀lú. Àwọ̀ aró lójú rẹ̀ túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ti jóná, ó sì ti le. Ọ̀bẹ lathe á fò ó, òkúta ìlọrin ló lè mú un. Lílà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀ ṣeé gbẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n tí lílà bá dé etí, ẹ jù ú nù.

Alumíníọ̀mù máa ń gbé ooru jáde bí ìlọ́po mẹ́ta káàsì, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọ̀, ó sì ń fẹ̀ tí ó bá gbóná. Ẹ wò ó: dúrọ́ọ̀mù 280 mm tó fi 200°C gbóná sí i, tó bá jẹ́ káàsì, á fẹ̀ bíi 0.6 mm, alumíníọ̀mù lásán á fẹ̀ tó 1.2 mm, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òrùka irin sínú rẹ̀. Buick ti 1958 ní irú rẹ̀, ínṣì 12, tó ní ìyẹ́ pẹlẹbẹ 45 lẹ́yìn tí ooru ń gbà jáde, tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún eré ṣì ń wá títí di òní. Porsche 356 náà ní tirẹ̀. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní Al-Fin, òrùka náà lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù gan-an nígbà tí wọ́n ń dà á. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tí òrùka náà bá ti ṣí, ooru kò ní kọjá mọ́. Ẹ so dúrọ́ọ̀mù kọ́, ẹ fi igi kàn án: tó bá dún gooro, ó dára; tó bá dún kúbú tàbí tó ń gbọ̀n, ẹ wá ìlà dúdú tàbí ìpẹtà níbi tí irin ti pàdé alumíníọ̀mù. Ẹ má fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́ láé, á jẹ alumíníọ̀mù náà. Tí alumíníọ̀mù bá ti yọjú níbi tí ṣúù ń gbá, ó ti parí.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Láínìn (ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù) àtijọ́ lè ní asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì fi àkísà nù ún. Lẹ́yìn gbígbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ṣúù bá ìfẹ̀ tuntun mu, torí ṣúù tó bá fi orí méjèèjì nìkan kàn á máa gán. Fún ẹ̀yìn Ìjàpá, nọ́ọ̀tì 36 mm ló di dúrọ́ọ̀mù mú. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó tú u, ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn agbára fífún fún un dé 217 lb-ft nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Tí ihò kọ́tà pín (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) kò bá bára mu, ẹ tún fún un síwájú, ẹ má tú u sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti 50 km/h, kí ẹ jẹ́ kó tutù láàárín, kí ẹ sì tún ṣúù sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá dúró nígbà tó ṣì gbóná gan-an, ẹ má fa bíréèkì ọwọ́. Dúrọ́ọ̀mù tó ń sún kì bó ṣe ń tutù á há mọ́ ṣúù, ó sì lè má yí déédéé mọ́. Ẹ fi jíà tàbí òkúta dá táyà dúró.