Dáyóòdù kan ṣoṣo ló dá aago Nixie mi dúró fún oṣù méjì

MOSFET mẹ́ta (ohun kékeré tó ń ṣí, tó sì ń ti ọ̀nà iná) ni mo sun kí aago yìí tó tàn, inú sì ń bí mi di òní. Mo kọ orúkọ dáyóòdù tí mo fẹ́, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, sórí ìwé fún ọlọ́jà. Ohun mìíràn ló kó fún mi, n kò sì mọ̀.

Gílóòbù Nixie ni gíláàsì tó ń fi iná kọ nọ́ńbà. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi tẹ 0 dé 9, wọ́n wá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú gáàsì neon. Èyí tí iná bá wọ̀ ló máa pọ́n yòò bí ẹyín iná. Burroughs ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1955, kí LED tó gba ipò rẹ̀. IN-14 mẹ́rin ni tèmi, iṣẹ́ àwọn ará Soviet, láti Ukraine ni mo ti rà wọ́n. Owó tí mo san kí ẹrù náà tó dé Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó gílóòbù fúnra rẹ̀, ó sì dùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, tí mo rí i pé 2 tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni 5 inú rẹ̀, mo gbàgbé owó.

Prógíráàmù ò gbà mí ju alẹ́ kan lọ. DS3231 ló ń ka àkókò, bátìrì CR2032 ló ń gbé e ró bí wọ́n bá mú iná lọ, K155ID1 ló ń yan nọ́ńbà. Ẹni tó bá ti fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ rí mọ ìyókù.

Iná ló há mi. Gílóòbù yìí ń fẹ́ bíi 170 volt kó tó tàn, adapter 12 volt sì ni mo ní. Mo kọ́ sákíìtì tó ń gbé iná sókè: MC34063 tó ń darí rẹ̀, kọ́ìlì, MOSFET, dáyóòdù, àti kápásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pa mọ́. 180 volt ni mo ṣírò rẹ̀ sí. Mítà gun 110, ó dúró síbẹ̀ gbọin. Láàárín ìṣẹ́jú kan MOSFET ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án, òórùn ike jíjó sì gba yàrá.

Mo pààrọ̀ kọ́ìlì. 110. Mo fọwọ́ ara mi wé òmíràn. 110, MOSFET kejì sì lọ. Mo gé àwọn wáyà kúrú, mo tún ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo ra kápásítọ̀ tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. MOSFET kẹta náà kú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta n kò fẹ́ rí tábìlì yẹn sójú.

Bọ̀dá kan tó ń tún inverter ṣe ládùúgbò wa ló wò ó, ó ní, "Àbúrò, dáyóòdù wo nìyí?"

"UF4007 ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kà á sí mi létí."

Mo fi kámẹ́rà fóònù fẹ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. 1N4007. Dúdú ni àwọn méjèèjì, ìlà fàdákà kan náà, 1000 volt kan náà. Ṣùgbọ́n iná ilé ni wọ́n ṣe 1N4007 fún, èyí tó ń yí nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Sákíìtì tèmi ń tàn, ó ń kú, nígbà 40,000. Dáyóòdù yẹn kì í rójú ti ilẹ̀kùn tán kí MOSFET tó tún ṣí, iná tó ti kọjá á sì máa ṣàn padà sórí MOSFET. Ohun tó ń sè é nìyẹn. Ti UF4007, nanosẹ́kọ́ńdì 75 péré ló fi ń tì í.

Bọ̀dá yọ dáyóòdù FR107 kan lára ṣájà fóònù tó ti bàjẹ́, ó ní ó yá ju tèmi lọ dáadáa. Mo jó o mọ́ ọn. Mítà fò láti 110 dé 180, MOSFET sì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo kígbe débi pé àwọn ọmọ sáré wọlé.

Tí mo bá tún máa ṣe é, ilé ni màá ti ka ara gbogbo dáyóòdù kí n tó tan iná. Màá kọ́kọ́ fi rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín agbára iná kù, dán iná wò kí n tó so gílóòbù mọ́ ọn. Rẹsísítọ̀ 15 kílóhm sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, iná á bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú iná inú kápásítọ̀ dànù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ti yọ adapter nígbà tó gbé mi, apá mi sì kú títí di alẹ́.

Ohun kan ṣì wà. Gílóòbù àkọ́kọ́ kì í lò ju 0, 1 àti 2 lọ, ìdọ̀tí sì máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn nọ́ńbà tí iná kì í dé. Nítorí náà, ní aago mẹ́ta òru, aago mi máa ń sáré ka 0 dé 9 lórí gbogbo gílóòbù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà míì mo máa ń jí wò ó.