Bí a ṣe lè fi òfin dáàbò bo orúkọ gàrí Ìjẹ̀bú ní ọjà Èkó

Ní ọjà Òyìngbò, bí gàrí bá ti lè kan díẹ̀ báyìí, ti Ìjẹ̀bú ni wọn yóò pè é, ibi yòówù kí wọ́n ti yan án. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ fi òfin dáàbò bo orúkọ náà lè lo abala 43 nínú òfin àmì òwò ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó fàyè gba àmì ìjẹ́rìí, èyíinì ni àmì tí ń fi hàn pé ibi báyìí ni ọjà kan ti wá, tàbí pé báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹni tí yóò ni àmì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Òfin kò gbà kí ẹni tí ń ṣòwò irú ọjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ olóhun àmì tí ń jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kí ìyálọ́jà kankan má ṣe rò pé òun lè sáré fi orúkọ yìí ṣe tòun. Abala 9 kì í sábà gba orúkọ ìlú lásán gẹ́gẹ́ bí àmì òwò ẹnì kan. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ tí kì í ta gàrí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ yan àwọn alámòójútó fún un, kí àwọn tí ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè sì ní ohùn níbẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ni iṣẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ìlànà lílo àmì náà, tí mínísítà ètò òwò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹ má ṣe kọ “gàrí tó dára” síbẹ̀. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ tí a ti rin yóò lò nínú àpò kí ó tó kan, bí ihò asẹ́ yóò ti kéré tó, pé epo pupa kò gbọ́dọ̀ kàn án, àti bí yóò ti gbẹ tó kí ó tó kúrò nínú agbada, nítorí ẹni tí ń mu ún mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ máa rún lẹ́nu. Ìbéèrè tí yóò dá ìjà sílẹ̀ ni ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sí ibòmíràn, tí wọ́n sì yan ní Ìjẹ̀bú. Ẹ jà á tán nípàdé kí ẹ tó kọ ọ́; lójú tèmi, ọwọ́ tí ó yan án ni ó mú orúkọ wá ju ilẹ̀ oko lọ.

Lẹ́yìn èyí, agbẹjọ́rò yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá, ní ìsọ̀rí 30 nínú àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n pín ọjà sí fún àmì òwò, tí gàrí bọ́ sí.

Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà ni kí ẹgbẹ́ fún ní àmì, kì í ṣe ẹni tí ó ṣáà lówó, kí nọ́ńbà ẹni tí ó yan gàrí sì wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ayédèrú bá yọjú, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ náà lè pẹjọ́ pé àwọn mìíràn ń ta ọjà wọn bí ẹni pé tòun ni. Abala 3 kò dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n òun ni yóò wá ẹ̀rí pé àwọn oníbàárà mọ orúkọ náà mọ́ òun, èyí sì le púpọ̀ fún orúkọ tí gbogbo ọjà ń pè.

Fún àwọn tí ń kó o gba Àpápá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìforúkọsílẹ̀ ti Àbújá kò kọjá ẹnu ibodè, síbẹ̀ kò ṣeé fò dá, nítorí abala 24 nínú TRIPS, àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọgbọ́n-orí bí àmì òwò, sọ pé kò pọn dandan fún orílẹ̀-èdè kankan láti dáàbò bo orúkọ tí ilẹ̀ tí ó ti wá kò dáàbò bò.