Bí a ṣe ń yan jíìpù tó lè gbé ìdílé rin ọ̀nà jíjìn

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó bá ti ga díẹ̀, jíìpù ni. Highlander, jíìpù. RAV4, jíìpù. Prado àti 4Runner, jíìpù náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ olórí ilé kó owó ńlá lé ọkọ̀ tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Ẹni tó fẹ́ máa kó ìyàwó àtọmọ láti Èkó lọ sí Ṣakí lásìkò òjò, tàbí tó fẹ́ gbé wọn gba ọ̀nà alámọ̀ inú Old Oyo National Park lọ wo ibi tí Ọ̀yọ́-Ilé wà rí, abẹ́ ọkọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ọ̀dà tó ń dán, rédíò ńlá àti àga aláwọ lè dúró ná.

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni apá ọ̀pọ̀ wa ká.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìrìn yín, kí ẹ sì ka orí

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnì kejì yín, kí ẹ ka gbogbo ibi tí ẹ máa ń gbé ọkọ̀ dé láàárín ọdún: ibi iṣẹ́, ilé ìwé àwọn ọmọ, òde ìnáwó, ìlú yín nígbà Iléyá tàbí Kérésì. Mélòó nínú rẹ̀ ló kúrò lórí títì ọlọ́dà? Bó bá jẹ́ Ìbàdàn àti Ìlọrin nìkan ni ìrìn yín mọ, Highlander á tó yín, á sì ṣẹ́kù. Ìpìlẹ̀ kan náà ni òun àti Camry jọ ní, kì í mu epo tó 4Runner, ó sì máa ń rọ ara èrò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà oko bàbá yín bá máa ń di ẹrẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, tàbí bí ẹ bá fẹ́ràn àtimáa kó àwọn ọmọ lọ wo òkè àti odò níbi tí ọ̀dà kò dé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Ẹ wá ka orí. Ẹ má gbàgbé màmá àgbà àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà lọ́dọ̀ yín. Èrò márùn-ún ni ọ̀pọ̀ 4Runner ń gbà. Díẹ̀ nínú wọn ní ìlà àga kẹta, àmọ́ àwọn ọmọdé nìkan ni ẹsẹ̀ wọn lè gbà níbẹ̀. Prado àti Lexus GX 470 sábà máa ń ní ìlà mẹ́ta. Ohun tí oníṣòwò kì í sọ ni pé bí ẹ bá ti ṣí ìlà kẹta, búùtù ti tán nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọ àti àpótí ìrìn àjò kan tàbí méjì dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kí gbogbo wọn jókòó, kí ẹ rí ibi tí ẹrù máa wọ̀. Ẹ má rò pé orí ọkọ̀ ni ẹ máa dì í sí. Ẹrù díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹrù wúwo bá ti wà lókè, ọkọ̀ tó ga tẹ́lẹ̀ á túbọ̀ rọrùn láti dojú dé ní kọ́nà.

Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ní ṣásí: irin gígùn méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì àti bọ́dì lé lórí, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. 4Runner, Prado, Land Cruiser, GX 470 àti GX 460 wà nínú àwọn yìí. Ti oríṣi kejì, bọ́dì náà ni egungun rẹ̀: Highlander, RAV4, Honda Pilot, CR-V. Ọdún sì lè yí ọ̀rọ̀ padà. Nissan Pathfinder ti 2005 sí 2012 ní ṣásí, èyí tó jáde ní 2013 kò ní mọ́. Ford Explorer náà pa ṣásí tì láti ọdún 2011. Fún kòtò, gbòǹgbò igi àti òkúta, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣásí ni mo wà.

Àmọ́ ṣásí tó ti dógùn-ún kò sàn ju àìní ṣásí lọ. Ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré. Ẹ rọra máa kan ṣásí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ pẹ́ díẹ̀ nítòsí táyà ẹ̀yìn. Irin tó le á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀tọ̀, á sì máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bò. Ẹ wo bóyá wọ́n ti jó irin mọ́ irin níbì kan, torí ibẹ̀ ni ìjàǹbá àtijọ́ máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ rí i dájú pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ 4Runner tó ń ti Amẹ́ríkà wá, táyà ẹ̀yìn méjì péré ló ń fà á. Ó ga, ó le, ó ní ṣásí, ṣùgbọ́n bí táyà ẹ̀yìn bá ti rì sínú ẹrẹ̀, ó di kí ará abúlé wá tì í. Ẹ má tẹ̀lé àkọlé 4x4 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè rà á lẹ̀ mọ́ ọn. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ wò: ó yẹ kí ẹ rí ọ̀pá jíà kékeré kan tàbí bọ́tìnì tí wọ́n kọ H2 (táyà méjì ló ń fà), H4 (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà) àti L4 sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú. Bí ẹ kò bá rí ṣáàfù méjì tó jáde láti àárín lọ bá táyà iwájú, kì í ṣe fóò-wíìlì.

L4 ni jíà agbára. Ọkọ̀ á máa rọra fà, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i, fún ẹrẹ̀, fún òkúta, àti fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ kò fẹ́ kó jẹ́ búréèkì nìkan ló gbà yín sílẹ̀. Highlander tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kò ní in. Ẹ rántí pé iwájú nìkan ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Prado àti GX 470 máa ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nígbà gbogbo, wọ́n sì ní bọ́tìnì tí ẹ fi ń há a pọ̀ bí ọ̀nà bá le jù. 4Runner SR5 láti 2010 yàtọ̀: H2 ni ẹ máa lò lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ẹ bá fi H4 rìn níbẹ̀, tí ẹ sì ń yí kọ́nà, ẹ ó máa lọ́ irin inú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ dán an wò, lórí yanrìn tàbí ilẹ̀ pupa. Ẹ dúró, ẹ gbé jíà sí N, kí ẹ fi sí L4. Iná fóò-wíìlì tó wà níwájú awakọ̀ á ṣẹ́jú díẹ̀, á sì dúró. Bí kò bá yé ṣẹ́jú, mọ́tò kékeré tó ń yí jíà náà ti gan látàrí àìlò. Oníṣòwò á sọ pé nǹkan kékeré ni. Kó tún un ṣe kí ẹ tó sanwó, bó bá jẹ́ nǹkan kékeré.

Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún

Gbogbo ọkọ̀ òde òní ló ní nọ́ńbà VIN, lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà níwájú awakọ̀ lábẹ́ gíláàsì, ó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì tún wà lára ṣásí bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́ṣásí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Wọ́n lè fi iwájú ọkọ̀ 2010 sára ti 2006, nọ́ńbà yìí kò ní purọ́.

Ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Carfax á gba owó, á sì fi ìtàn ọkọ̀ hàn yín: ìjàǹbá, ìkún omi, iye máìlì tó ti rìn. NICB, àjọ tó ń gbógun ti jíjí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, máa ń jẹ́ kí ènìyàn wo bóyá wọ́n jí ọkọ̀ gbé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fojú kéré èyí, ọ̀pọ̀ jíìpù tí wọ́n jí ní Kánádà ni wọ́n ti kó wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ìkẹta ni ti NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí jù fún ẹni tó ní ọmọ. Wọ́n pe àìmọye ọkọ̀ padà fún àtúnṣe nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tí á fi bú gbàmù lọ́jọ́ ìjàǹbá, tí á sì fọ́n irin sójú ẹni tó yẹ kó gbà là. Ooru àti ọ̀rinrin ni Èkó ní jù. 4Runner 2010 sí 2016 àti GX 460 2010 sí 2017 wà lára àwọn tí wọ́n pè. Bí NHTSA bá sọ pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ ó rí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó náwó.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ibodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó gba ọ̀nà igbó láti Kútọnu lè dín owó kù fún yín lónìí, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì sọ̀ yín kalẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ mìíràn.

Ọkọ̀ tó mu omi

Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012, Harvey ní 2017: gbogbo wọn ló rì ọkọ̀ rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń wá ẹni tí á rà á. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde tán pátápátá. Ìlà ẹrẹ̀ máa ń wà níparí rẹ̀ níbi tí ẹni tó fọ ọkọ̀ kò dé. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo bóòtì tó de àga mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún. Bí inú ọkọ̀ bá ń ta sánsán lọ́fínńdà jù, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ tan ẹ́ésì fún ìgbà díẹ̀, òórùn ọ̀rinrin á jáde. Ọkọ̀ tó ti mu omi kì í kú lójijì, wáyà rẹ̀ ló ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, rìwáyà nìkan ló sì máa ń jèrè rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì àti epo

Mẹkáníìkì yín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti oníṣòwò. Kó gbé sìkánà dání, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Àwọn kan máa ń pa iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnì lówùúrọ̀ kí oníbàárà tó dé. Sìkánà tó dára á fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìrántí ọkọ̀ náà ni. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ti tan án kí ẹ tó dé. Òwúrọ̀ tútù ni ẹ́ńjìnì ń sọ òtítọ́.

Ẹ́ńjìnì V6 4.0 (oní-sílíńdà mẹ́fà) tó wà nínú 4Runner láti 2003 ń lo ṣéènì láti fi yí inú rẹ̀. V8 4.7 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) inú GX 470 ń lo bẹ́líìtì dípò ṣéènì, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní gbogbo máìlì 90,000. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ní ti Pathfinder 2005 sí 2010, ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù. Bí omi inú rẹ̀ bá rí bíi mílíìkì aláwọ̀ osùn, ọ́ìlì jíà ti bá a dà pọ̀, jíà náà kò sì ní pẹ́ lọ.

Nípa epo, ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà fún 4Runner V6 jẹ́ bíi lítà 14 ní 100 kìlómítà, GX 470 sì ń lọ sí nǹkan bíi 16. Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ bíi kìlómítà 130. Àlọ àtàbọ̀, lítà 36 tàbí 42 nìyẹn, láì tíì ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, V6 ni mo máa ń gba ìdílé nímọ̀ràn láti rà, àyàfi bí èrò bá pọ̀.

Àwọn ọmọ, táyà, àti oṣù àkọ́kọ́

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án 2002 ní irin kékeré láàárín ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn àga, tí ẹ lè há àga ọmọdé mọ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ wá a. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì tí ì gbé ẹ́ńjìnì sọ: iná SRS, ìyẹn iná báàgì afẹ́fẹ́, gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́ ni, báàgì afẹ́fẹ́ sì lè má sí níbẹ̀.

Táyà ni kí ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2021. Mi ò ní gbé ọmọ lórí táyà tó ti kọjá ọdún mẹ́rin nínú ooru wa yìí, bó ti wù kí ìlà rẹ̀ jìn tó. 265/65R17 ni ọ̀pọ̀ 4Runner, Prado àti GX 470 ń lò, ó sì pọ̀ lọ́jà. Ẹ sọ táyà àfikún kalẹ̀ láti abẹ́ búùtù kí ẹ tó kúrò nílé. Ṣéènì tó gbé e dúró máa ń gan.

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ti difárẹ́ǹṣà iwájú àti ẹ̀yìn, àti ti àpótí jíà fóò-wíìlì, èyí tí mẹkáníìkì sábà máa ń gbàgbé. Bí fóò-wíìlì yín bá jẹ́ oní-H2, ìwé Toyota sọ pé kí ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn fún ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè máa dé irin iwájú. Ẹ wá ọ̀nà oníyanrìn kan nítòsí ilé yín fún un.