Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Káàdì Àwòrán Tó Ní Mẹ́mọ́rì HBM Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Bí ẹ bá ń wá káàdì àwòrán tòkunbọ̀ sínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ lè bá Radeon RX Vega 64 tàbí Radeon VII pàdé lórí àtẹ, kí ẹ sì rí HBM2, ọ̀kan lára irú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní HBM, níbi tí GDDR, irú mẹ́mọ́rì tó wọ́pọ̀ lórí káàdì àwòrán, máa ń wà. Ẹ má tètè sanwó, ẹ má sì tètè kọ̀ ọ́. Ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wo iye bit tí ojú ọ̀nà mẹ́mọ́rì náà fẹ̀ tó (okùn kan fún bit kan), ẹ fi iye gígábit tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 8 pín in: iye gígábáìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Radeon R9 Fury X, tí AMD gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ní bit 4096, okùn kọ̀ọ̀kan sì ń gbé gígábit 1, nítorí náà 512 ni èsì. GeForce GTX 1080, tó ń lo GDDR5X, ń gbé gígábit 10 lórí okùn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bit 256 péré ni ọ̀nà rẹ̀, èsì rẹ̀ kò sì ju 320 lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí 500 MHz, ìyẹn iyára mẹ́mọ́rì, tí ẹ máa rí lára Fury X já yín kulẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ńṣe ni wọ́n to àwọn chip mẹ́mọ́rì léra wọn bí àwo, tí wọ́n lu ihò tíntìntín já láàárín wọn, tí wọ́n sì fi bàbà dí àwọn ihò náà kí iná lè gbà á kọjá. Òkìtì kan lórí àwọn káàdì wọ̀nyí ní bit 1024. Pátákó káàdì lásán kò lè gba irú ògìdìgbó okùn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òkìtì mẹ́mọ́rì àti GPU, ìyẹn chip tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán gan-an, fi ń jókòó pọ̀ sórí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì kan ṣoṣo.

Àmọ́, orúkọ HBM nìkan kọ́ ni kí ẹ rà. Ọ̀nà tó fẹ̀ kò sọ yàrá di ńlá: gígábáìtì 4 péré ni Fury X ní, iṣẹ́ fídíò tó bá tóbi yóò sì kún un kíákíá. Radeon VII, tó jáde ní ọdún 2019, ní 16, òun ni èmi yóò sì mú fún irú iṣẹ́ yẹn. GDDR náà kò sì sùn, nítorí GDDR6X inú káàdì RTX 4090 ń gbé gígábáìtì 1008 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1024 ti Radeon VII dọ́gba.

Bí ìṣirò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi káàdì náà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ ṣí GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àlàyé káàdì àwòrán hàn, kí ẹ sì fi ohun tó kọ sí Bus Width (fífẹ̀ ọ̀nà) àti Bandwidth (iye tó ń kọjá) wé tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó lágbára fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo ooru mẹ́mọ́rì, kí ẹ sì ṣọ́ bóyá àwọn àmì aláwọ̀ mèremère ń yọ lójú skríìnì. Bí wọ́n bá yọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣí chip GDDR kan ṣoṣo, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ti HBM kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ara kan náà ni òun àti GPU.

Bí ẹ bá ṣí i láti pààrọ̀ thermal paste, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára chip, ẹ fi ra ojú GPU àti ojú àwọn òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi paste sí àárín nìkan, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ ń jóná lábẹ́ fáànù tó ń pariwo. Ẹ má fi irin tọ́ etí pẹlẹbẹ náà rárá.

Ẹ wo ẹ̀rọ iná kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú, nítorí Vega 64 lè fa 295 wáàtì, ó sì ń fẹ́ wáyà iná ẹlẹ́nu mẹ́jọ méjì.