Bí mo ṣe to omi iyọ̀ ní ìpele kí ooru oòrùn má baà sá lọ

Adágún lásán kì í pa ooru mọ́. Omi tí oòrùn bá mú gbóná nísàlẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, afẹ́fẹ́ òru á sì gba ooru náà lọ. Iyọ̀ ló ń dí i lọ́wọ́: bí iyọ̀ bá pọ̀ dáadáa nísàlẹ̀, omi ibẹ̀ á ṣì wúwo ju ti òkè lọ bó tiẹ̀ gbóná. Irú adágún bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Kòtò mi fẹ̀ ní mítà 2, ó gùn ní mítà 2, ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 120. Mo to fóòmù líle sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá tẹ́ rọ́bà dúdú tó nípọn lé e. Ẹ má ṣe ahun sí rọ́bà yìí o. Omi iyọ̀ tó bá jò á ba ilẹ̀ jẹ́ débi pé ohun ọ̀gbìn ò ní hù níbẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 50 ìsàlẹ̀ ló ń tọ́jú ooru, 50 àárín ni aṣọ ìbora rẹ̀, 20 òkè jẹ́ omi lásán. Àárín yìí ni iṣẹ́ wà. Bó bá tín-ín-rín, ooru á jò. Bó bá nípọn jù, ìmọ́lẹ̀ ò ní tó nísàlẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, mo kàn fi páìpù rọ́bà da omi lásán lé omi iyọ̀ lórí. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Ó dùn mí gan-an, torí nǹkan bí 690 kìlógíráàmù iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ní láti fa omi púpọ̀ jáde, kí n tún ra iyọ̀ kún un.

Nígbà kejì, mo ṣe omi iyọ̀ tí iyọ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 75. Mo mú àwo pilásítíìkì pẹlẹbẹ méjì, mo fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, mo sì ki páìpù bọ àárín ti òkè, kí omi lè máa yọ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan. Mo gbé e kọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 50 láti ìsàlẹ̀, mo wá ṣí omi lásán sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ojú omi bá ti ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 1, màá fa àwo náà sókè ní 2. Nígbà tí omi dé 100, àwo náà dé ojú omi, iyọ̀ sì ti ń dín kù ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó gbà mí ní odindi ọjọ́ kan, àmọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára tó o. Mo wá rọra fi 20 tó kù kún un.

Mo fa omi díẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, mo sì fi hàìdírómítà, ohun èlò tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe wúwo tó, wò ó: ti ìsàlẹ̀ wúwo ju ti òkè lọ níbi gbogbo. Mo fi páìpù tó léfòó ṣe onígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí omi kí atẹ́gùn má baà rú u. Mò ń rọra fi omi lásán dípò èyí tí oòrùn fà lọ, mo sì ń yọ ewé kúrò, torí omi tó bá dọ̀tí á dí ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìsàlẹ̀ gbóná tó 58°C, òkè wà ní 27°C. Adágún ńláńlá máa ń kọjá 80°C, nítorí ẹ̀gbẹ́ wọn kéré sí bí inú wọn ṣe tóbi tó, ooru tó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde ò sì pọ̀. Ní 1984, wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan ní Beit HaArava lẹ́bàá Òkun Òkú tó máa ń pèsè iná mànàmáná tó mẹgawáàtì 5 nígbà náà. Ní tèmi, mo ká páìpù sí ìsàlẹ̀, mo ń gba omi mímọ́ kọjá nínú rẹ̀ lálẹ́ kí ó lè gbé ooru jáde. Nígbà tí mo wo tẹmómítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsàlẹ̀ ṣì wà ní 56°C.