Bí Mo Ṣe Yẹ Ilẹ̀ Oko Òwú Kan Wò ní Yavatmal

Káàdì ìlera ilẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí ilẹ̀ oko ní àti ajílẹ̀ tó yẹ kí àgbẹ̀ dà sí i, tí ìjọba fún bàbá àgbẹ̀ tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀ ní àgbègbè Yavatmal, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, kò yàtọ̀ rárá sí ti ẹni tí wọ́n jọ pààlà oko, bẹ́ẹ̀ orí gegele ni oko bàbá wà, ti ẹnì kejì sì wà létí odò. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ ní Íńdíà, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Láti ìgbà tí ètò káàdì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ìlànà ni pé níbi tí àgbẹ̀ bá ti gbójú lé òjò, erùpẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n bù fún àyẹ̀wò lórí hẹ́kítà 10, nígbà tí oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ kò tó hẹ́kítà 2. Káàdì yìí ló ní kí bàbá fi kún DAP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, tó ń dà sí oko, rúpì 1,350 sì ni àpò kan, owó tí wọ́n yá ni wọ́n sì fi ń rà á. Inú bí mi, mo ní a ó bu ti oko rẹ̀ lọ́tọ̀.

Erùpẹ̀ bíbù kò le. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ihò tó rí bíi lẹ́tà V, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ máa ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe bù níbi tó bá ti là, nítorí erùpẹ̀ òkè ti já sí ìsàlẹ̀. Ìdajì kílò tí mo gbé lọ mọ́ tónítóní, kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò tí mo gbé e lọ ni ìyọnu wà. Wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń wá síńkì, èròjà kan tí irúgbìn nílò nínú ilẹ̀, ti tán. Nígbà tí kẹ́míkà dé, ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò ti lọ sí ìpàdé. Èyí tó dùn mí jù ni pé àpò erùpẹ̀ náà ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, eruku ti bò ó, òjò oṣù kẹfà sì ti ń ṣú. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àgbẹ̀ òwú gbọ́dọ̀ gbìn, torí pé ẹni tó bá pẹ́ ni kòkòrò pupa tí ń jẹ èso òwú máa ń bá fínra jù. Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ìbá bá wa dá sí i, òun nìkan ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ abúlé. N kò lè bá a wí.

Nígbà tí èsì jáde, bàbá ti gbìn, ó sì ti da DAP. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti pọ̀ tó nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Síńkì ni kò tó. Bàbá gbọ́ ọ, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé èyí tí mo ti dà sílẹ̀ ṣeé kó padà?”

A pe 1800-180-1551, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ìjọba Íńdíà ti là fún àwọn àgbẹ̀ láti 2004. Wọ́n fi èdè Marathi ṣàlàyé bí a ṣe lè po síńkì mọ́ omi kí a sì fọ́n ọn sí ewé, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó bu erùpẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti tu igi òwú tó ti so tán, kí ó má dúró de oṣù karùn-ún, kí ó sì rí i dájú pé kẹ́míkà wà nílẹ̀ kí ó tó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.