Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú dídá Land Rover àtijọ́ mọ̀

Bọ́ọ̀tù ni wọ́n fi so ara Land Rover àtijọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ní sípánà lè tú fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíríìlì rẹ̀ láàárọ̀, kó sì ti fi ti ọkọ̀ mìíràn rọ́pò wọn kó tó di alẹ́. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹni tó rà á á wá máa fowó ra páàtì tí kò ní bá a mu.

Series ni wọ́n ń pe ìran kọ̀ọ̀kan àwọn Land Rover àtijọ́ yìí, láti I dé III. Ẹ má fi ibi tí iná iwájú wà nìkan pín Series IIA àti Series III níyà. Àṣìṣe yìí ló gbilẹ̀ jù. Lóòótọ́, lára IIA àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni iná méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n láàárín 1968 sí 1969 ni ilé iṣẹ́ Land Rover tó wà ní Solihull, ní England, ti gbé iná bọ́ sórí fẹ́ńdà, bẹ́ẹ̀ Series III kò jáde títí di 1971. Gíríìlì oníke jẹ́ ti Series III, àmọ́ kò ṣòro pààrọ̀ rárá. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Lára II àti IIA, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni àwọn géèjì wà. Lára III, iwájú awakọ̀ gan-an ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jíà. Series III ní synchromesh (ohun tó ń jẹ́ kí jíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́) lórí jíà iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, IIA ní in lórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta àti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì ti III wọ inú IIA, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbé e sí i.

Ní ti Series II (1958 sí 1961) àti IIA (1961 sí 1971), ojú kò lè pín wọn. Nọ́ńbà ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Fún ọkọ̀ 88 (ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí ń bọ̀ nísàlẹ̀) tó ń lo pẹtiróòlù, tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí wọ́n ṣe fún títà ní Britain, 141 ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Series II, 241 ti IIA, 901 ti III. Ẹ má ka ti àwo irin inú ọkọ̀ nìkan, torí àwo ṣeé tú. Ẹ wá èyí tí wọ́n lù sára ṣáásì fúnra rẹ̀, níwájú lápá ọ̀tún, nídìí ibi tí sípíríǹgì so mọ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọrin bó ìpẹtà ibẹ̀: nọ́ńbà náà kò jìn, ẹ ó lọ̀ ọ́ dànù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, kẹrosíìnì àti sùúrù ni, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á kó lè hàn. Bí ibẹ̀ bá dán láìsí nọ́ńbà kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣáásì tuntun ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà tó parí nọ́ńbà IIA àti III ń sọ àtúnṣe tó ti dé bá irú ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì ní lẹ́tà tirẹ̀, gíábọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra páàtì gíábọ́ọ̀sì, nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì ni kí ẹ mú lọ.

88 àti 109 kì í ṣe gígùn ọkọ̀. Íǹṣì tó wà láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn ni: mìlímítà 2,235 àti 2,769. Ẹ na táyà iwájú gbọọrọ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì rò pé gbogbo 88 ni Series II. Láti 1956 ni Series I ti ní 88 àti 109. Ẹ̀gbẹ́ Series I tẹ́ pẹrẹsẹ, ti II yọ síta díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fèrèsé.

Ẹ yéé pe gbogbo wọn ní Defender. 1990 ni orúkọ yẹn dé. One Ten ti 1983 àti Ninety ti 1984 ní orúkọ tiwọn, Ninety sì jẹ́ íǹṣì 92.9 ní tòótọ́. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ tẹ́ bíi ti One Ten, àmọ́ tó jókòó lórí sípíríǹgì alábala, Stage 1 V8 ti 1979 ni, Series III sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta Series IIB, ẹ má gbà á gbọ́, àfi tó bá jẹ́ Forward Control, ìyẹn èyí tí ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì.

Ọdún tó wà nínú pátíkúlà lè jẹ́ ọdún ìforúkọsílẹ̀, kó má jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti àwọn ológun máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí aráàlú tó forúkọ wọn sílẹ̀. Ní Britain, ìyàtọ̀ yìí kan owó, torí ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń yọ ọkọ̀ tó ti pé 40 ọdún kúrò nínú owó orí ọkọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ṣe é ni wọ́n ń kà á. Bí ẹ bá fẹ́ polówó ọkọ̀ yín, ẹ kọ Series rẹ̀, íǹṣì rẹ̀, irú epo tó ń lo àti nọ́ńbà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ti ṣáásì, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀.